Ibi Tí Ọ̀rá Ti Ya

Lẹ́yìn Arówómọlé, níbi tí àwọn igi káṣú ti ń bá ara wọn du ilẹ̀,
Tíṣà Oyèédòkun gba owó ìfẹ̀yìntì,
ó fi kọ́lé tí kò ní yàrá:
irin tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, ọ̀rá funfun lórí,
ilẹ̀kùn méjì, kí kòkòrò má bàá bá ènìyàn wọlé.
Ará àdúgbò ní, "Ta ni yóò máa gbé ibẹ̀?"
Tòmátì ni.
Èmi ni olùtọ́jú wọn.

Temómítà kan so mọ́ òpó àárín,
ìlà pupa tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú.
Èmi tí n kò kàwé kọjá kíláàsì kẹrin,
mo ń kà á láàárọ̀, lọ́sàn-án, kí n tó lọ sílé.
Márùndínlọ́gbọ̀n: ewé ń rẹ́rìn-ín.
Ọgbọ̀n: ó ṣì dáa.
Ogójì: òdòdó á dorí kodò,
ọ̀kọ̀ọ̀kan á já bọ́, láìsí ariwo,
bí ọmọ tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò bá láyé.

Oòrùn Ogbómọ̀ṣọ́ kì í wọlé kó tètè jáde bí àlejò.
Ó wọlé, ó jókòó, ó bọ́ bàtà.
Ooru ọ̀sán di gbèsè tí òru kò rí san.
Mo ta àwọ̀n dúdú sórí ilé. Ooru rọ̀ díẹ̀,
ṣùgbọ́n àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí ga gìrọ̀gìrọ̀, láìsanra,
wọ́n ń na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé, tó ń yọjú lójú fèrèsé.
Mo ká àwọ̀n.
Ilé ń làágùn. Òógùn rẹ̀ ń kán sí wa lọ́rùn.
Mo rò pé ìrì oore ni,
àfi ìgbà tí èébu funfun tò sábẹ́ ewé
bí ìyẹ̀fun tí ẹnì kan gbọ̀n lójú àlá.

Lóṣù Ṣẹẹrẹ, ọyẹ́ dé.
Ètè mi là. Eruku bo máńgòrò ìta látòkèdélẹ̀,
síbẹ̀ ó ń tanná, ẹnikẹ́ni kò bi í bó ṣe sùn.
Mo bínú sí i díẹ̀.
Àwọn tèmi, tí mo ń wọn omi fún,
tí mo ń fi okùn gbé dìde bí aláìsàn,
etí ewé wọn ń ká bí bébà tó sún mọ́ iná.
Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sọ ẹ̀gbẹ́ ilé kalẹ̀.
Mo ní: ẹ̀fúùfù kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òdòdó yọ bí ìràwọ̀.
Èso, rárá.

Àfi ìlà tó kẹ́yìn, lápá ọ̀nà Ìkòyí,
níbi tí ewúrẹ́ Bàbá Ṣíjúwadé ti fi ìwo ya ọ̀rá láti ìgbà òjò,
ihò kan bí àtẹ́lẹwọ́
tí mo ti ra abẹ́rẹ́ àti òwú sílẹ̀ dè.
Níbẹ̀, atẹ́gùn ń yọ́ wọlé, ó ń mi igi.
Níbẹ̀ ni mo ti ka mẹ́tàdínlógún,
tútù, yíká, ó le bí ìkúùkù ọmọ ọwọ́.

Tíṣà dé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka ta okùn kan:
igi gbọ̀n, ìyẹ̀ pupa rúsúrúsú fò láti inú òdòdó.
"Wúràọlá, o fún wọn ní gbogbo nǹkan,
o wá gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ wọn."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ wo páìpù tó ń jò.

Mo mú abẹ́rẹ́ náà délé.
Láti oṣù Ọ̀pẹ ni Àdùfẹ́ ti ń bẹ̀ mí
kí n jẹ́ kí òun lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ọ̀yọ́.
Mo fi í lé e lọ́wọ́, òun àti òwú.
Ó wo ojú mi.
N kò tíì sọ̀rọ̀.
Lọ́la, bí mo bá ka ìlà pupa tán, ó ṣeé ṣe kí n sọ ọ́.